Kókó Inú Ojú Ìyá Mi

Mi ò rí i rí. Èmi tí mò ń yà á, tí wọ́n ń sanwó fún mi lóṣooṣù pé kí n máa yà á, mi ò fi ojú ara mi rí i rí, kò sì sí ọmọ ènìyàn kankan tó rí i. Puróténì ni mò ń sọ. Kì í ṣe ti ẹ̀wà àti ẹyin tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nìkan o. Ara wa kún fún oríṣiríṣi rẹ̀, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì kéré débi pé kò sí ojú tó lè rí i. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá a kiri. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń fún wọn, nọ́ńbà ni, ojú ewé lórí ojú ewé: èyí wà níhìn-ín, èyí wà lọ́hùn-ún. Wọ́n á wá kó nọ́ńbà náà fún irú èmi yìí, èmi á fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di àwòrán tí èèyàn lè wò.

Iṣẹ́ yìí ló gbé mi dé Glasgow, nílùú Òyìnbó. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ní Bẹ́yẹrúnkà n'Íbàdàn, àbúrò bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Nǹkan tí ẹnì kan ò rí, ìwọ ni wọ́n ní kó o wá yà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Ta ló máa wá mọ̀ bó o bá yà á lódì?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun mọ aṣọ dì, ẹni tó bá mọ aṣọ dì á mọ ìyẹn náà yà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Àdìrẹ oníko ni iṣẹ́ ìyá mi. Á mú aṣọ funfun, á ṣẹ́ ẹ jọ díẹ̀díẹ̀, á fi ìko wé e, á fà á le kí aró má baà wọ ibi tó dì. Bí aláró bá ti rẹ ẹ́, tó gbẹ, ìyá mi á tún gbé àpótí sójúde, á jókòó, á máa tú u. Ibi tó bá ti tú ni funfun ti ń yọ nínú aró. Ẹni tó ń dì kì í fi orí ìko sílẹ̀ gbangba; á tì í bọ abẹ́ ìdì kó má baà tú nínú ìkòkò aró. Nítorí náà, wíwá orí ìko ni gbogbo iṣẹ́ títú. Ẹni tó bá kánjú ki abẹ bọ̀ ọ́ láìwá orí rẹ̀, aṣọ ló máa gé.

Nílé wa, tí nǹkan kan bá ti ta kókó, okùn bàtà ni o, ìlẹ̀kẹ̀ ni o, okùn tí wọ́n fi di ẹrù ni o, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn ará ilé kejì pàápàá ń gbé e wá. Kò sẹ́ni tó ń gbé kókó lé e lọ́wọ́ pé kó kàn máa wò ó.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ ní Glasgow, mo bá àwọn ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ ilé sì ní kí n kí wọn. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ "ẹ kú iṣẹ́" fún Òyìnbó? "Well done" ni gbogbo wa ń sọ n'Íbàdàn. Bí mo ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, "well done", "well done", ẹ̀rín lẹ́nu mi. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Màgí, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ó ní ẹni tó yẹ iṣẹ́ ẹlòmíì wò ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń béèrè pé ta ló ní kí n máa yẹ iṣẹ́ àwọn wò.

Ilẹ̀ ì bá là kí n wọlẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, mo ń wọlé bí ológbò, mo ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Màgí alára ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, orúkọ ló sì ní kí n máa pe òun. Ẹ gbà mí! Ẹnu mi ò gbà á. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo máa ń lọ dúró níwájú tábìlì rẹ̀ títí á fi gbójú sókè, kí n má baà pe orúkọ. Ó rò pé ìtìjú ló ń ṣe mí. Àwọn kan rò pé ìgbéraga ni.

Òtútù kọ́ ló bá mi jà jù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Bẹ́yẹrúnkà, bó o bá húkọ́ nínú yàrá, ẹnì kan á ní "pẹ̀lẹ́ o" láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹlòmíì á béèrè látòkè pé ta ni, ṣé ó ti lo nǹkan. Ní Glasgow, mo húkọ́ títí ìgbà òtútù fi lọ, ògiri ló gbọ́. Tí wọ́n bá bi mí pé ibo ni ilé, mo máa ń sọ pé Ìbàdàn. Wọ́n á ní rárá, ilé tó ò ń gbé. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ni mò ń gbé. Ibi tí mò ń sùn nìyẹn, mi ò pè é ní ilé rí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ni mo máa ń pe ìyá mi. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń di fóònù mú fún fídíò, etí rẹ̀ ni mo sábà máa ń rí, àti ẹ̀gbẹ́ gèlè. Ràsídátù àbúrò mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló máa ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tí á tún un dì mú. Mo máa ń fi àwòrán tí mo bá yà hàn án. Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì rí. Bí aṣọ ló ṣe ń wò wọ́n.

"Èyí dà bí àdìrẹ olóṣùpá," á wí. "Èyí, ẹni tó dì í ti kánjú jù. Wo bó ṣe fún ẹ̀gbẹ́ kan, tó dẹ ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Ìyá, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."

"Asitafurulai! Kí ni mo wá sọ?"

A ó jọ rẹ́rìn-ín. Puróténì ò ní àwọ̀. Ẹni tó ń yà á ló ń yan àwọ̀ fún un. Aró ni mo yàn. Gbogbo nǹkan tí mo bá yà, aró ni, láti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi títí dé èyí tó dúdú bí òru. Màgí fẹ́ràn rẹ̀, ó ní èèyàn á ti mọ iṣẹ́ mi láti òkèèrè. Mo ní ẹ ṣeun. Mi ò sọ fún un pé àwọ̀ ìyá mi ni.

Nígbà tó yá, ìyá mi ò rí àléébù kankan nínú àwòrán mi mọ́. Gbogbo rẹ̀ di "ó dára, ọkọ mi". Inú mi dùn, òmùgọ̀ mi! Mo rò pé iṣẹ́ mi ló ń dára sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, mo fẹ́ fi tuntun kan hàn án, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀. Fídíò kú, ojú fóònù dúdú kirikiri, ohùn nìkan ló kù. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, àwòrán ò tíì wọlé, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ní, "Háà, èyí mà dára o, ọkọ mi. Aró rẹ̀ dì dáadáa."

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ rí?"

"Nǹkan tó o fi hàn mí náà ni mo rí."

"Ìyá."

Mo ń gbọ́ ariwo Ọjà'ba lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kadà, ẹni tó ń polówó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ràsí, wá gba fóònù yìí, ẹ̀gbọ́n ẹ ti fẹ́ fi ìbéèrè pa mí."

Ràsí gbé fóònù jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún yín." Ó ní ojú ìyá wa ti ń lọ tipẹ́tipẹ́. Ó ní ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń di aṣọ, àwọn obìnrin ọjà Òjé tó ń bá wọn tà á sì ti ń rí i pé ìdì kì í tò mọ́. Àwọn obìnrin náà ń yìn wọ́n lójú, wọn ò sì gbé aṣọ wá mọ́. "Láàárọ̀ yìí, mo bi ìyá wa pé ṣé wọ́n ń rí gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè. Wọ́n ní àwọn ń rí i, pé Mápó ò lọ ibì kan. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí i." Ni Ràsí bá bú sẹ́kún.

Mo mọ àṣà wa. Wọn kì í sọ nǹkan burúkú fún ẹni tó wà lájò, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Èmi náà ti ṣe é fáwọn ẹlòmíì nígbà tí mo wà nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni wọ́n ń sọ òótọ́ fún, kó lè dìde kó ṣe nǹkan. Àlejò ni wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún. Ìgbà tí Ràsí gbé fóònù sílẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo ti di àlejò ní Bẹ́yẹrúnkà, bẹ́ẹ̀ ni Glasgow ò sì tíì gbà mí.

Gulukómà ni dókítà pè é nígbà tí Ràsí mú ìyá wa lọ sílé ìwòsàn. Ó ní omi tó wà nínú ẹyinjú kò rí ọ̀nà jáde dáadáa mọ́, ó ń ki iṣan tó ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, iṣan náà sì ń kú. Èyí tó ti lọ ti lọ. Ó ní kí wọ́n máa kán oògùn sí i kí ìyókù má baà tẹ̀ lé e. Ìyá mi gbọ́, ó ní, "Oògùn tí ò ní la ojú, tó kàn fẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ojú má jáde, ọdẹ aṣọ́lé ni wọ́n ń pè é." Ó ṣáà ń kán an. Ó ní ó ń ta òun bí ata.

Mo fẹ́ lọ sílé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ. Ìwé ìgbélùú mi ti ń tán lọ, mo ti béèrè òmíràn, mò ń retí èsì. Òfin wọn ni pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde kí èsì tó dé, mo ti fi ọwọ́ ara mi ya ìwé náà. Bí ìwé bá ya, iṣẹ́ lọ. Bí iṣẹ́ bá lọ, ta ló máa ra oògùn? Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn, ibì kan náà ló ń já sí. Mo ń dìde láàárọ̀, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń ya nǹkan tí ojú ò lè rí fún àwọn tí ojú wọn dá ṣáká.

Àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láìpẹ́ sígbà náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan kó nọ́ńbà wá fún wa, ó ní ká bá òun ya puróténì kan tó wà nínú ojú, níbi tí omi ojú ń gbà jáde gan-an. Bó bá ká bó ṣe yẹ kó ká, kò sí wàhálà. Bó bá ká lódì, á lọ́ mọ́ra, á lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, á di kókó lójú ọ̀nà. Ní ara àwọn ènìyàn kan, òun ló ń fa gulukómà. Màgí fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì. Mo lọ dúró níwájú tábìlì rẹ̀. Kó tó gbójú sókè, mo ti pe orúkọ rẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ náà fún mi láìbi mí nǹkan kan.

Mo ṣe é bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù. Bí puróténì bá ti wù kó rí wúruwùru tó, okùn kan ṣoṣo ni. Ó ní orí, ó ní ìdí. Ti èyí, orí rẹ̀ wà lókè, lápá ọ̀tún, ó yọ sóde díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọnú ìdì, ó di àwátì. Mo ń tẹ̀ lé e láti orí dé ìdí, mo tún ń padà. Mo fi aró kùn ún, èyí tó dúdú jù.

Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri níbi àfihàn kan, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Àwọn ènìyàn dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú wáìnì lọ́wọ́, omi ọsàn ló wà lọ́wọ́ tèmi. Obìnrin kan ní ó lẹ́wà débi pé òun fẹ́ sunkún. Òótọ́ ni, ó lẹ́wà. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Mo rìn lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n náà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun ló wà lójú ìyá mi?"

Ó ní ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun, nítorí ọ̀nà tí gulukómà ń gbà wọlé pọ̀, wọn ò sì tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá mi wò.

"Bó bá wá jẹ́ òun ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí àwòrán náà. Ó ní, "A ti ń rí i. Ibi tá a dé nìyẹn." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n má bínú. Mi ò bínú sí i. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ṣófo, òun kàn wọ kóòtù ni.

Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Well done," ni wọ́n ń wí. "Well done." Ó ṣe mí bíi kí n bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ mi wò. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ó dùn mọ́ mi títí mo fi dé yàrá mi.

Mo ti sọ fún Ràsí, òun náà sì ti sọ fún ìyá mi. Nígbà tí mo pè, ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Wọ́n ní o ti ya nǹkan tó ń bá ojú mi jà."

"Ó lè jẹ́ òun, Ìyá. Ó lè má jẹ́ òun."

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo gbìyànjú. Mo ní ó dà bí ìko tí ọmọdé fi ṣeré. Mo ní ó dà bí irun tí wọn ò yà. Gbogbo Glasgow ti wò ó, ẹni tó ni ìjà náà ò lè wò ó.

Ní ibi iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ike mọ nǹkan bí wọ́n ṣe yà á sí kọ̀ǹpútà. Mo tọrọ ààyè, mo fi mọ kókó náà, ó tó ìkúùkù ọwọ́. Ike aláwọ̀ aró ni mo lò. Mo mọ̀ pé kò ní rí i, mo ṣáà lò ó. Ọmọ Ìbàdàn kan láti Òkè Bọ́lá tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ń lọ sílé, mo fi rán an. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju pé kí ìyá mi fọwọ́ bà á, kó mọ̀ ọ́n. Mo ti gbàgbé irú ilé tí wọ́n bí mi sí.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ràsí ló gbé fóònù. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Bọ̀ọ̀dá mi, láti àárọ̀ ni ìyá wa ti wà nídìí nǹkan tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Wọn ò jẹun. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá abẹ àwọn, mo ti fi pa mọ́ kó má baà gé wọn lọ́wọ́." Ó yí fóònù. Mo rí ìyá mi lórí àpótí rẹ̀ lójúde, níbi tó ti máa ń tú aṣọ, nǹkan aláwọ̀ aró náà lórí itan rẹ̀.

"Ọkọ mi, o kú iṣẹ́ o," ó ní. "Mo ti fọwọ́ bà á. Ẹni tó di èyí burú. Kò ro ti ẹni tó máa tú u rárá."

"Ìyá, ike ni."

"Mo mọ̀ pé ike ni. Ṣé mo ya wèrè ni? Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú mi ni wọ́n yọ tí wọ́n fi ránṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìka rẹ̀ ò dúró. "Àwọn dókítà yín lọ́hùn-ún, ṣé wọ́n ti mọ bó ṣe ń tú?"

"Rárá, Ìyá. Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n."

"Ìdí tó o fi gbé e wá fún mi nìyẹn."

Kì í ṣe pé ó ń bi mí. Ó ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

"Bí mo bá ti rí bó ṣe ń tú," ó ní, "màá sọ fún ẹ, ìwọ náà á sọ fún wọn. Kì í ṣe tèmi nìkan. Ojú Ìyá Ṣẹ̀rí ní ilé kejì náà ń lọ, ó ń fi pa mọ́ ni."

Mo fẹ́ sọ fún un. Mo fẹ́ sọ pé kò sí okùn níbẹ̀, pé ike gbagidi ni láti ìta dé inú, pé kó kàn lè fọwọ́ bà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́.

"Orí ẹ̀ nìkan ni mi ò rí," ìyá mi wí. "Ìwọ lo yà á. Ibo ló wà?"

Mo mọ ibi tó wà. Gbogbo nǹkan tí mo mọ̀ láyé, tí mo torí ẹ̀ kúrò nílé, tó lè wúlò fún un, kò ju ìyẹn lọ.

"Òkè, Ìyá," mo ní. "Lápá ọ̀tún. Ó yọ sóde díẹ̀."

Ràsí sún fóònù mọ́ ọn. Ìka ìyá mi rìn gba òkè lọ, ó yà sọ́tùn-ún, ó kọjá a, ó padà. Ó dúró. Ojú rẹ̀ kọ sápá Mápó, kò wo Mápó.

"Mo ti mú un," ó ní. "Alihamudulilai. Má gbé fóònù sílẹ̀ o, ọkọ mi. Kò ní pẹ́."

Mo ní mi ò lọ ibì kan. Mò ń gbọ́ èékánná rẹ̀ lára ike náà, ó ń fà á.